Láti Lurup Dé Moabit

Ìka kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà nà sókè láàárín èrò tó kún ibùdókọ̀ ojú irin Zoo ní Berlin, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ló wọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń kó ẹrù sínú bàálù máa ń wọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dí etí nítorí ariwo ẹ́ńjìnì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbàgbé láti yọ ọ́. Òtútù oṣù Èrèlé mú débi pé èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín. Síbẹ̀ kò rẹ ọwọ́ sílẹ̀.

Fọláwùnmí Ọláídé mọ ohun tí ìka náà ń sọ. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gbé Jámánì ní ọdún 2003 tí kò mọ̀ ọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà nígbà náà, tòpin ọ̀sẹ̀, tí èèyàn márùn-ún lè jọ fi rìn. Wochenendticket ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè fi yí Jámánì ká láti àárọ̀ Sátidé, bí ẹ bá ṣáà ti lè fara da ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní abúlé gbogbo. Ẹni tí kò bá ní ẹlẹgbẹ́ á lọ dúró sí ibùdókọ̀, á na ìka sókè. Ìka mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta ló kù. Ìka kan, ẹnì kan ló kù. Bí a ṣe ń rìn nígbà náà nìyẹn, àjèjì márùn-ún lórí ìwé kan ṣoṣo.

Aṣọ funfun ni Fọláwùnmí wá gbà ní Berlin. Mọ́mì Margaret, ìyá ìjọ wọn ní Kérúbù ti Hamburg, ló rán an. Ó gbé àpò aṣọ náà lé èjìká, ó sún mọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀ o. Hamburg ni?"

"Hamburg ni, sísítà. Ẹ̀yin la ti ń dúró dè."

"Ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́."

Fọláwùnmí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dì í mú.

Àwọn mẹ́ta tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì ọmọ Jámánì, tí wọn kò gbójú kúrò nínú ìwé wọn, àti ìyá àgbà ará Ghana kan tó ti sùn kí ọkọ̀ tó ṣí. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ló kù tó lè bára wọn sọ̀rọ̀.

Ezra Ògúnbọ̀dé ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìkòròdú. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì ní Berlin. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ń kó ẹrù sínú bàálù ní pápákọ̀ òfúrufú Tegel. Ó ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Mọ́rúfù, ní Harburg, apá gúúsù Hamburg.

"Èmi náà, pápákọ̀ òfúrufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ni Fọláwùnmí wí. "Fuhlsbüttel, ní Hamburg. Èmi ni mò ń gbá inú bàálù tí ẹ̀yin bá ti dọ̀tí tán."

"Ẹ má purọ́ mọ́ wa. Ìsàlẹ̀ ni tiwa. Àwọn tó jókòó lókè ló ń jẹ bísíkíìtì."

"Ẹ ẹ̀ tíì rí nǹkan. Bí mo bá ti tẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, mo mọ ibi tí bàálù ti ń bọ̀. Tí yanrìn bá wà lábẹ́ àga, Palma ni, níbi tí wọ́n ti ń lọ sinmi létí òkun. Tí ìwé ìròyìn bá pọ̀, Frankfurt ni."

"Palma, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú ogójì," ni Ezra fèsì kíá, bí ẹni ń ka Sáàmù. "Lisbon, wákàtí mẹ́ta àti àbọ̀. Istanbul, bíi wákàtí mẹ́ta."

"Ẹ ti dé Lisbon rí?"

"Mi ò dé ibì kankan. Ẹrù nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fọláwùnmí lọ́kàn ju gbogbo ohun dídùn tí àwọn ọkùnrin ti sọ fún un rí. Òótọ́ ni, kò sì ní òróró lára.

Wọ́n kọjá Wittenberge. Wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ ní Schwerin. Wọ́n jọ jẹ ẹyin sísè méjì tó wà nínú àpò Fọláwùnmí. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó dé Hamburg, inú sì bí àwọn méjèèjì díẹ̀ pé wọ́n ti dé.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ méjì kì í kọjá kí ọ̀kan nínú wọn má wá èkejì wá. "Ẹ" di "o". Ezra fẹ́ràn ọ̀rọ̀ adùn, Fọláwùnmí kì í sì jẹ́ kó gbádùn rẹ̀.

"Wùnmí mi, láìsí ẹ, mi ò lè mí."

"O mí dáadáa fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kó o tó mọ̀ mí."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé wọn kì í pọ́n ẹ lé ní ilé yín ni?"

"Wọ́n ń pọ́n mi lé. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìwọ, ṣé o ti jẹun?"

Kò tíì jẹun. Kì í sábà tíì jẹun. Á wá jókòó sórí àga ilé ìdáná wọn ní Lurup, àdúgbò kan ní Hamburg, á máa wò ó bó ṣe ń ro ẹ̀bà.

Ọ̀rọ̀ baba ni kò rọrùn. Kì í ṣe pé Baba Ọláídé burú. Ó ti lé ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg kí kíndìnrín rẹ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Jímọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ kan ní ilé ìwòsàn ní Altona tí yóò fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dialyse ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá jáde níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ kì í dúró. Fọláwùnmí ló máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò fún un ní apá, tí wọ́n á jọ wọ bọ́ọ̀sì padà sí Lurup. Òun nìkan lọmọ tó bí.

Nǹkan kan sì tún wà lábẹ́ èyí. Nígbà tí ìyá Fọláwùnmí ṣubú ní Abẹ́òkúta, Jámánì ni baba wà. Wọ́n pè é pé kó tètè máa bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dé, nítorí kò rí àyè nínú bàálù, ó sì tún dúró ọjọ́ kan gbáko ní ìlú mìíràn kó tó rí bàálù kejì wọ̀. Fọláwùnmí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú títí ọwọ́ náà fi tutù. Ìyá náà ń béèrè, "Ó ti dé?" Fọláwùnmí ń dáhùn pé, "Ó ń bọ̀." Baba kò tíì dárí ìyẹn ji ara rẹ̀.

Ní oṣù Igbe ọdún 2004, Ezra wá fi ara hàn. Mọ́rúfù tẹ̀ lé e bí ẹbí, nítorí kò ní ẹbí kankan nítòsí. Mọ́mì Margaret jókòó bí ìyá fún Fọláwùnmí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, Mọ́rúfù sọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbà sọ, ó gbàgbé ìdajì rẹ̀, Mọ́mì Margaret sì bá a parí rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni baba wí. "Ògúnbọ̀dé, mi ò ní bi ọ́ léèrè iṣẹ́. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ìwé ìgbélùú. Ohun kan ṣoṣo ni. Bí o bá mú ọmọ yìí lọ sí Berlin, tí ara mi yí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì pè é, wákàtí mélòó ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ezra rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ń retí ìbéèrè yìí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ ìwé kan tó ká sí mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní Moabit ló ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Ẹ wò ó, Dádì. Láti Tegel dé Fuhlsbüttel, igba kìlómítà ó lé àádọ́ta. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni bàálù máa fi dé. Wákàtí kan ò pé, sà!"

"Ó káre!" ni Mọ́rúfù wí.

Baba wọ gíláàsì. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Fọláwùnmí ì bá kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mímì orí kan péré, àdúrà ni ì bá kàn. Ṣùgbọ́n Fọláwùnmí rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọwọ́ ara rẹ̀.

"Rárá, Dádì. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò tíì gbá inú bàálù kankan tó ti Berlin wá. Kò sí lórí pátákó wa. Bí ẹyẹ á ṣe fò ó ni ìwé yẹn ń sọ."

"Yéè," ni Mọ́mì Margaret wí jẹ́jẹ́.

Baba ká ìwé náà padà bó ṣe wà, ó na án sí ẹni tó ni ín.

"Máa lọ, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ìyàwó tó ní ìyẹ́."

Níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, Mọ́rúfù sún sẹ́yìn kó má gbọ́, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"O dójú tì mí, Fọláwùnmí."

"O ò bi mí! Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà níbi iṣẹ́ yẹn, o ò bi mí."

"Òwúrọ̀ nìkan ni mo máa ń wà ní Tegel, mo rò pé ti Hamburg ń gbéra lọ́sàn-án. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́."

"Mo mọ̀ pé o ò purọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni Dádì bi ẹ́, ìwé lo fún un."

"Kí lò bá fẹ́ kí n sọ?"

"Kó o sọ pé ọ̀nà jìn! Ọ̀nà jìn, Ezra!"

Bọ́ọ̀sì dé. Ezra wọ̀ ọ́, kò wẹ̀yìn.

Oṣù mẹ́wàá kọjá. Ojú ti Ezra, kò pè. Ọkàn Fọláwùnmí le, òun náà kò pè. Ní ibi iṣẹ́, ó ń yọ yanrìn Palma lábẹ́ àga, ohùn kan á sì sọ sí i létí pé, "Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú ogójì." Nígbà mìíràn ó máa ń dá ohùn náà lóhùn. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n parí àtúnṣe ojú irin, wọ́n ní ọkọ̀ ayárakánkán ti ń fi wákàtí kan àti àbọ̀ lọ láti Hamburg dé Berlin. Gbogbo ìjọ ló ń sọ ọ́. Fọláwùnmí sọ pé láti ibùdókọ̀ sí ibùdókọ̀ nìyẹn, ta ló ń gbé ní ibùdókọ̀?

Baba rẹ̀ ń wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ tí Fọláwùnmí ń dá orin kọ nídìí sítóòfù, kò sì sọ fún un rí pé òun ń gbọ́. Ní báyìí, ìró ṣíbí nìkan ló ń gbọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Èrèlé 2005, baba ní ó rẹ òun, òun kò ní lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fọláwùnmí dá lọ. Ó padà wálé ní agogo méjì, ó bá ilé ní òfìfo. Kóòtù baba kò sí. Fìlà rẹ̀ kò sí. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí.

Ó sáré kan ilẹ̀kùn gbogbo aládùúgbò. Ó pe ilé ìwòsàn. Ó ń tẹ nọ́ńbà Mọ́mì Margaret ní àṣìtẹ̀, nígbà tí fóònù náà fúnra rẹ̀ dún.

"Wùnmí."

Oṣù mẹ́wàá. Ó mọ ohùn náà kó tó parí orúkọ.

"Dádì wà lọ́dọ̀ mi."

"Dádì ta?"

"Dádì tìẹ. Mọ́mì Margaret ló fún wọn ní àdírẹ́sì mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n fara ti ògiri."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ó rẹ̀ wọ́n ni, ẹsẹ̀ wọn sì wú díẹ̀. Wọ́n ń jẹun."

"Ezra, má fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ o! Kò bá kíndìnrín wọn mu, ó lè dá ọkàn wọn dúró..."

"Wọ́n ti béèrè dòdò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní dókítà ti fọwọ́ sí i."

"Irọ́ ni!"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ti kà nípa ẹ̀. Ìrẹsì funfun ni mo bù fún wọn, wọ́n sì ń bínú sí mi."

Fọláwùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ezra ti kà nípa ẹ̀. Ta ló rán an?

"Mò ń bọ̀," ló wí.

Bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pẹ́. Ní ibùdókọ̀ Altona, ọkọ̀ ayárakánkán ti fẹ́ẹ̀ lọ kó tó fò wọ̀ ọ́. Igi ń sá kọjá lójú fèrèsé, pápá funfun ń sá kọjá, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ọkọ̀ náà kò kúrò lójú kan. Bí fóònù rẹ̀ kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó gbàdúrà, àdúrà náà kò kọjá ọ̀rọ̀ kan: dákun, dákun. Ẹsẹ̀ tó wú. Ọ̀la ló yẹ kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ kó tó dé? Ìgbà náà ló tó mọ ohun tí baba rẹ̀ gbé sáyà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Láti ọmọdé ló ti ń bínú sí i díẹ̀ pé ó pẹ́. Kò mọ̀ pé ó ń bínú. Inú ọkọ̀ yẹn ni ìbínú náà ti tán.

Ó sọ̀ ní Zoo, ó wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ dé Turmstraße, ó sáré. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì.

Ezra ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án. Ó ti rù díẹ̀. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Fọláwùnmí lè wọlé.

Baba ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n sì ti fi ìrọ̀rí méjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Altona. Fọláwùnmí dúró tì í, ó ń ka èémí rẹ̀. Nígbà tó dá a lójú, ó yíjú sí Ezra.

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ọ̀nà náà fúnra àwọn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, wọn ò kí mi. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní, 'Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.' Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kí n fún àwọn lómi. Mo bù ú ní kékeré."

Fọláwùnmí wo ife kékeré tó wà lórí tábìlì. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kì í mu omi púpọ̀. Èyí náà, Ezra mọ̀ ọ́n.

"Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí bóyá ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà ní àdúgbò yìí. Mo mú wọn lọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni láti ibí, ní ìrìn àgbàlagbà. Ilẹ̀kùn wà ní títì nítorí Ìsinmi, ṣùgbọ́n wọ́n dúró níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀."

"Báwo ni ìwọ ṣe mọ ibẹ̀?"

Ezra wo ilẹ̀. "Mo lọ síbẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàwà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba ẹni tó bá kó wá láti Hamburg. Wọ́n ní kí n dúró, àyè lè ṣí. Mo ń lọ béèrè ní oṣooṣù. Àyè ṣí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"O ò sì pè mí?"

"Mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó la ẹnu. Ọ̀la ni mo fẹ́ pè."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Fọláwùnmí ti tò sílẹ̀ láti oṣù mẹ́wàá, àwọn tó le, àwọn tó yẹ kó gún un lára, ó wá wọn tì. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ezra, ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ẹ."

Ó dúró kó fi òyìn sí i, kó fi èémí sí i, kó fi ìràwọ̀ sí i. Ezra kò fi nǹkan kan sí i.

"Èmi náà fẹ́ ẹ," ló wí.

"A dúpẹ́," ni ohùn kan wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ẹ jẹ́ kí n sùn. Ògúnbọ̀dé, ìrẹsì ẹ ò ní iyọ̀."

"Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, Dádì."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Inú oṣù Ẹ̀bìbí ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìjọ Kérúbù ní Hamburg. Mọ́rúfù tún sọ̀rọ̀ ẹbí, kò gbàgbé nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí, nítorí Mọ́mì Margaret ti kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Fọláwùnmí gba iṣẹ́ ní Tegel, ó ń gbá inú bàálù tí ọkọ rẹ̀ ń kó ẹrù sí ní ìsàlẹ̀, títí Ezra fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ilé oníyàrá méjì ní Moabit. Ọ̀kan ni ti baba. Ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, baba ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi ẹ̀rọ náà, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó sì ń fi Berlin ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, pé kò ní òkun, kò ní ẹja.

Ìgbà òtútù méjì ni baba tún rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Ẹrẹ́nà 2007, Fọláwùnmí ń po ẹ̀kọ nínú ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ tí baba pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́. Ó ju ṣíbí sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ibẹ̀ dé yàrá.

"O ti dé?" ni baba wí.

"Mo ti dé, Dádì."

Ó sì di ọwọ́ baba rẹ̀ mú nígbà tí ọwọ́ náà ṣì gbóná.